Ọ̀nà Gánà Kò Gba Kọ́bapẹ́

Bí mo bá wà ní ìpàdé tí ẹnì kan sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún àlejò wa," inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti dé láti ìlú òyìnbó, ọmọ mi ti ń lọ síléèwé girama, síbẹ̀ inú ń bí mi. Pàtẹ́wọ́ ò ṣẹ̀ mí. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin kan lọ́hùn-ún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá bá wa sọ̀rọ̀, mo pa á títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí, nítorí pé àlejò ni, wọ́n sì tọ́ mi nílé. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ọdún tí ìjọba lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ni mo kúrò l'Ábẹ́òkúta. Inú ọyẹ́ ni wọ́n lé wọn. Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni èmi lọ, láti lọ gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń bá òmíràn lò. Ìyá mi sìn mí dé Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Wọ́n wọ mọ́tò pẹ̀lú mi láti Ìtòkú, wọ́n ní àwọn ò ní dágbére fún ọmọ àwọn ní gáréèjì láàárín ariwo. Ní Kọ́bapẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ra àgbàdo sísun fún mi, wọ́n na ọwọ́ wọlé lójú fèrèsé, wọ́n gbé e lé mi lórí. Ọwọ́ aláró ni, ó dúdú títí dé ọrùn ọwọ́. "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ, á ṣọ́ ẹ bọ̀," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n sọdá títì, wọ́n ń wá mọ́tò tí yóò gbé wọn padà sílé.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí lọ́hùn-ún. Mo ti gbọ́ nípa òtútù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni bí wọ́n ṣe ń dágbére. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi pè mí pé kí n wá mu tíì. Ọlọ́yàyà ni, ó fún mi ní bísíkíìtì, ó bi mí léèrè ilé. Nígbà tí mo dìde, ó ní ó dàbọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ó lọ wọ bàtà ni kó lè sìn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín ilẹ̀kùn wa. Ìgbà tí mo gbọ́ tí ó yí kọ́kọ́rọ́ ni mo tó wọlé lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ro ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Mo ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, ní àárọ̀ kùtù kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ibùsùn ni, wọ́n á tì í wá nínú kẹ̀kẹ́ gogoro. Èmi ọmọ aláró, ọmọ-ọmọ aláró, aṣọ funfun ni mo ń fọ̀ kó lè túbọ̀ funfun. Lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo kí gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan, mo béèrè àlàáfíà wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ fà mí sápá kan, ó bi mí bóyá nǹkan wà tí mo fẹ́ tọrọ. Mo ní kò sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí aṣọ.

Àjò ò dà bí ilé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórin. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àjò lè mú kí ìwà tó ń gbé ènìyàn ga nílé di ohun tí wọ́n fi ń fojú òpè wò ó. Nílé wa n'Ítòkú, bí àlejò bá dé, a á fún un ní ìjókòó, a á fún un lómi, a á sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. A kì í bá a jiyàn lórí ìjókòó tí a fún un. Ìgbà tó bá dìde, tí a bá ń sìn ín sọ́nà, ni ọ̀rọ̀ gidi ń jáde. Ojú ọ̀nà ni a ti ń là á mọ́ àlejò pé ohun tó sọ yẹn dùn wá, ojú ọ̀nà náà ni àlejò ti ń jẹ́wọ́ ohun tó gbé e wá. Mo ti rí ìjà ẹbí tó parí láàárín ẹnu ọ̀nà wa àti ìsàlẹ̀ Ṣàpọ́n.

Ní yunifásítì náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pe àlejò wá bá wa sọ̀rọ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ẹ̀kọ́ tí mo rí lẹ́nu àwọn àlejò wọ̀nyẹn ju ti inú ìwé lọ. Obìnrin kan wá tó ti bá àwọn tí ogun lé kúrò nílé ṣiṣẹ́. Ìkòkò kan péré ló gbé dání. Ó ní kí kálukú wa kọ ohun tí yóò gbé dání sínú ìwé, bí wọ́n bá fún wa ní wákàtí kan péré láti fi ilé sílẹ̀. Kò tíì sí ìwé kankan tó mú mi ronú bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti sọ̀rọ̀ tán, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bò ó. "Èmi ò gbà." "Ẹ̀rí wo lẹ ní?" Àlejò tó ṣì wọ kóòtù sọ́rùn! Èmi á dákẹ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, obìnrin gíga kan tí kì í bọ́ súwẹ́tà, pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní, "O kì í bi àlejò ní ìbéèrè kankan. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe fún àlejò ní ìlú yín?"

Mo ní, "A máa ń sìn wọ́n sọ́nà, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, kí n máa sin àwọn àlejò dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Wọ́n rò pé iṣẹ́ kékeré ni wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún, wọn ò mọ̀ pé oyin ni wọ́n fi sí mi lẹ́nu. Bàbá arúgbó kan tó ti ṣe aṣojú ìjọba wọn nílẹ̀ òkèèrè ti fi wákàtí kan ṣàlàyé fún kíláàsì nípa odò kan tí orílẹ̀-èdè méjì ń jà lé lórí. Lójú ọ̀nà, wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò fojú rí odò náà rí. Wọ́n ní láti ọdún tí àwọn ti fẹ̀yìn tì ni ìyẹn ti ń dun àwọn. Èmi nìkan ló gbọ́ ìyẹn nínú gbogbo kíláàsì.

Bí mo ṣe wà nìyẹn títí ọkùnrin tí mò ń wí fi dé.

Wọ́n ní ó mọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ẹní mowó. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà tí a lé ló wá sọ. Ó tan iná ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: gáréèjì, ibodè, àpò ńlá ńlá lórí àwọn ènìyàn. Ó yí èyí tó kàn, ìyá àgbà mi sì jókòó sára ògiri.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó wọn láàárín ìkòkò aró méjì, wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún, wọ́n ń wo ojú ẹni bí ẹni tó fẹ́ béèrè ìdí tí o fi pẹ́. Wọ́n ti kú. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí mo rìnrìn àjò yìí ni wọ́n kú, a ò sì ní fọ́tò wọn kankan nílé, ẹyọ kan ṣoṣo kò sí.

Ọkùnrin náà fi ọ̀pá kan ìyá àgbà mi nímú. "Obìnrin báyìí," ó wí, "kò mọ ayé kọjá ìdí ìkòkò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbáyé ń kọjá lókè orí rẹ̀ ni. Irú wọn ló ń yọ̀ nígbà tí wọ́n ń lé àlejò."

Ìyá Kùmáṣì! Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n nìyẹn. Wọ́n gbé Kùmáṣì pẹ́, wọ́n ń ta àdìrẹ níbẹ̀, wọ́n ń sọ èdè àwọn ará ibẹ̀, títí ìjọba Gánà ayé ìgbà náà fi lé àwọn àlejò, tí wọ́n sì di ẹrù wọn wálé. Gbogbo fọ́tò wọn wà nínú àpótí tí wọn ò rí gbé. Àlejò lójú, kò fi ríran, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ó jù mí lọ, ó dúró níwájú, a ò tíì fún un ní tíì. Mo pàtẹ́wọ́.

Lójú ọ̀nà ni mo sọ fún un pé ìyá àgbà mi ni, pé ìyá mi ti sọ ti òyìnbó kan tó ya fọ́tò wọn nílé wa fún mi rí. Ó dúró gbagidi. Ó ní ọdún méjì sẹ́yìn lòun ya fọ́tò náà, pé lóòótọ́ ni wọ́n fún òun lómi, tí obìnrin kan sì sin òun dé Ṣàpọ́n. Mo ní ìyá mi ni obìnrin náà. Mo ní, "Ẹ ṣèlérí fún wọn pé ẹ ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́."

Mo wá sọ gbogbo ìtàn Kùmáṣì fún un. Mo sọ ti Tíṣà Kòfí, ará Gánà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tó háyà yàrá nínú ilé wa. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n máa lọ, ìyá àgbà mi ló bá a di ẹrù. Wọ́n yọ ìkòkò rẹ̀ kúrò nínú àpò, wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ sí i dípò. Wọ́n ní, "Kòfí, wọ́n ti lé èmi náà rí. Mú fọ́tò. Ìkòkò wà lọ́jà." Wọ́n fẹsẹ̀ sìn ín dé Kọ́bapẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún un, Kọ́bapẹ́.

Ó yọ ìwé kékeré. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn sọ, ó kọ ọ́. Mo ní fọ́tò náà nìkan la fẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ tọkàntọkàn, ó wọ ọkọ̀. Mo fi orin bọ̀ nínú òtútù.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń pe ìyá mi. Wọ́n á rìn láti Ìtòkú lọ sílé Bàbá Tíṣà n'Íbarà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí ìyá mi ń bá pa aṣọ láró, tó ní tẹlifóònù. Èmi á wà nínú àpótí tẹlifóònù etí títì.

"Ó rántí wa?" ni ìyá mi kígbe. "Òyìnbó yẹn? Alùhámúdù lílàhì! Mo máa sọ fún káfíńtà Adìgbẹ kó kan férémù sílẹ̀."

Mo sọ gbogbo ohun tí mo bá a sọ fún wọn. Wọ́n dá mi dúró.

"Kọ́bapẹ́ kẹ̀? Ṣé Ṣàgámù ni Tíṣà Kòfí ń lọ ni? Láfẹ́nwá ni Ìyá sìn ín dé, níbi tó ti wọ mọ́tò ibodè Ìdí-Ìrókò. Ọ̀nà Gánà gba Kọ́bapẹ́ ni? Ìwọ ni mo sìn dé Kọ́bapẹ́, ọmọ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo sunkún. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí mo kúrò nílé, mo ti ń fi ọ̀nà tí wọ́n gbà sin èmi gan-an sin ẹlòmíràn. Ohun tó ń bani lẹ́rù nínú àjò nìyẹn: kò sẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó lè sọ pé rárá o, kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn.

Fọ́tò ò dé. Mo kọ lẹ́tà sí i, mo tún kọ òmíràn. Yìnyín bọ́, yìnyín yọ́. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́, ìyá mi á bi mí, "Ṣé ó ti fi ránṣẹ́?" Férémù ti wà lára ògiri pálọ̀, òfìfo. Àwọn àlejò ń bi wọ́n pé fọ́tò ta ni yóò wọ ibẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá mi ò bi mí mọ́, ìyẹn ló wá burú jù. Wọ́n kàn ní, "Má ba inú rẹ jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo fẹ̀sọ̀ mú un, ó bàjẹ́.

Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀gá wa ní inú kíláàsì dùn sí ọkùnrin yẹn débi pé àwọn ti tún pè é. Ọ̀rọ̀ tuntun ló fẹ́ sọ. Mo lọ jókòó síwájú. Mo rò nínú mi pé bóyá ó mú fọ́tò náà dání.

Ó mú un dání lóòótọ́. Ó gbé e sára ògiri. Ìyá àgbà mi tún jókòó, wọ́n ń wò mí.

"Obìnrin yìí," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ni olùkọ́ mi tó ga jù nínú ọ̀rọ̀ àgbáyé. Mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀. Kùmáṣì. Àpótí tí wọn ò rí gbé. Tíṣà Kòfí. *Mú fọ́tò. Ìkòkò wà lọ́jà.* Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn mi ń fọn imú. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà mi sọ nínú ilé wa, tí mo fi ẹnu mi gbé kọjá òkun, ló ń tà fún wa yìí bí ẹni pé òun ló pa á láró.

Ó fa máàpù wálẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ Abẹ́òkúta, ó wọ́ ọ lọ sápá ọ̀tún. "Ó fẹsẹ̀ sìn ín dé ibí, Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Gánà. Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú omijé lójú."

Mo dìde. Orúnkún mi kọ́kọ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí n tó nà án.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo wí, "ọ̀nà Gánà kò gba Kọ́bapẹ́."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Wọn ò gbọ́ ohùn mi rí.

"Apá ìwọ̀-oòrùn ni Gánà wà, sà, ẹ wo máàpù yín. Ọ̀nà Ṣàgámù ni Kọ́bapẹ́ wà, apá ìlà-oòrùn. Láfẹ́nwá ni ìyá àgbà mi sin Tíṣà Kòfí dé. Èmi ni mo ṣì í sọ, lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, lọ́jọ́ tí mo sìn yín. Wọn ò sọ ọ́ fún yín. Ìgbà tí ẹ ya fọ́tò yìí, a ò tíì lé ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ẹ ń kọ ọ́ sínú ìwé yín, wọ́n ti wà nínú sàréè."

Kò sẹ́ni tó fọn imú mọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo aago. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, ó ní bóyá kí àwa méjèèjì sọ ọ́ lójú ọ̀nà, bí mo bá ń sin òun lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Àṣà ilé wa ló fẹ́ fi dí mi lẹ́nu.

"Rárá, sà. Níbí ni. Ẹ ṣèlérí fọ́tò yìí fún ìyá mi, ẹ ṣèlérí rẹ̀ fún èmi. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ló ti rí ìyá àgbà mi. Ilé tiwọn nìkan ni kò rí wọn. Férémù wọn wà lára ògiri, òfìfo ni. Ẹ fún mi."

Ó ní òun á fi ránṣẹ́. Ó tún ní òun á fi ránṣẹ́!

Ọ̀gá wa ló dìde. Wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ náà, wọ́n fa fíìmù kékeré tó wà nínú páálí funfun yọ, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná. Ara ògiri funfun, ọkùnrin náà dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, kò sí ohun tó máa fi í tọ́ka sí mọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀gá wa wò mí, wọ́n wo àlejò, wọ́n béèrè pé ta ni yóò sìn ín dé ibùdókọ̀.

Mo ní, "Ó ti mọ ọ̀nà, mà."

Mo mú fíìmù náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ fọ́tò, wọ́n sọ ọ́ di ńlá, mo fi rán ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ń lọ sílé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀lé e, ìyá mi kò kí mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ohun tí wọn ò ṣe rí nìyẹn.

"Ìyá ti wọlé," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti wà nínú férémù. Wọ́n ń wò mí bí ẹni pé mo pẹ́ lọ́jà."

A jọ sunkún, owó tẹlifóònù ń lọ, kò kàn mí. Lẹ́yìn náà wọ́n nu imú, wọ́n rántí ẹ̀kọ́ ilé.

"Òyìnbó náà ńkọ́? Ṣé o sìn ín sọ́nà?"

"Rárá, Màámi. Mo ní ó ti mọ ọ̀nà."

Mo ń retí ìbáwí. Mo gbọ́ tí Bàbá Tíṣà ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ tí àgbébọ̀ kan ń ké n'Íbarà.

"O jàre," ni ìyá mi wí. "Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọ̀nà ilé wa ló mọ̀ tí kò gbà padà wá."